Samuel Johnson, Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Kékeré ní Abẹ́òkúta, àti Àwọn Ìwé Tí Ó Fi Sílẹ̀

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ wo ẹ̀yìn lóṣù yìí, kí a sì sọ ìtàn ìgbésí-ayé Alùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá. Orúkọ rẹ̀ kò ṣe àjèjì sí yín, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ń kọ́ni ní ìtàn ilẹ̀ wa tí kì í fi ẹnu kan ìwé náà. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí ó mọ ìwé náà ni kò mọ̀ pé ó kù díẹ̀ kí ó má dé ọwọ́ wa rárá. Lẹ́ẹ̀mejì ni ó bọ́ sọnù. Àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀, tí àbúrò rẹ̀ sì tọ́jú, ni ó yọ ọ́ nínú ìparun. Ẹ̀kọ́ nípa ìwé kíkọ àti ìwé pípamọ́ yìí ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí a ti ń bá ìtàn náà lọ.

A bí Samuel Johnson ní ọjọ́ 24 oṣù Júùnù, ọdún 1846, ní ìlú Hastings ní ilẹ̀ Sàró. Henry ni orúkọ baba rẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ nílé ń jẹ́ Erúgúnjìmí. Sarah sì ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ará Ọ̀yọ́ ni Henry í ṣe, láti inú ìran Aláàfin Abíọ́dún, ṣùgbọ́n ogun àti òwò ẹrú ti gbé e kúrò ní ilẹ̀ baba rẹ̀, bí ó ti gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wa lọ ní ìgbà náà. Àwọn ará Sàró wọ̀nyí kò gbàgbé ilé. Èdè Yorùbá ni wọ́n ń sọ láàrin ara wọn, wọ́n sì ń sọ fún àwọn ọmọ wọn nípa ìlú tí wọ́n ti wá. Nítorí náà, kí Samuel tó fi ojú rí ilẹ̀ Yorùbá, etí rẹ̀ ti gbọ́ nípa rẹ̀.

Ní ìparí ọdún 1857, Henry kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ padà wá sí ilẹ̀ Yorùbá, láti ran Alùfáà David Hinderer lọ́wọ́ ní Ìbàdàn. Ọmọ Jámánì ni Hinderer, òun ni ẹni tí Ẹgbẹ́ C.M.S. rán lọ dá iṣẹ́ Ìhìnrere sílẹ̀ ní ìlú náà ní ọdún 1853. Anna, ìyàwó rẹ̀, a máa kó àwọn ọmọdé jọ sí ilé wọn ní Kúdẹtì, a máa kọ́ wọn ní ìwé, a sì máa tọ́ wọn bí ọmọ inú rẹ̀. Lábẹ́ ìtọ́jú àwọn méjèèjì yìí ni Samuel àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ dàgbà. Bí a bá wo ohun tí àwọn ọmọ Johnson dà níkẹyìn, a óò mọ̀ pé irúgbìn náà bọ́ sí ilẹ̀ rere: Henry àti Nathaniel di alùfáà bí Samuel, Obadiah sì di dókítà ìṣègùn.

Kò pẹ́ tí wọ́n dé Ìbàdàn ni ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀, ní ọdún 1860. Ìbàdàn dojú ìjà kọ Kúrunmí, àwọn Ẹ̀gbá sì gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ìjàyè fọ́ ní oṣù Máàṣì ọdún 1862, ṣùgbọ́n ìjà kò tán síbẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà òkun mọ́ Ìbàdàn. Ẹrù kò lè wọlé láti Èkó, lẹ́tà pàápàá kò rí ọ̀nà gbà bí ó ti yẹ. Ní ilé Hinderer, ebi pa àgbà, ó pa ọmọdé. Wọ́n ta ohun-èlò ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó rí owó ẹyọ tí wọn óò fi ra iṣu àti ẹ̀wà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ìgbà èwe rẹ̀ yóò mọ iyì lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó bá dé láti ọ̀nà jíjìn.

Láàrin ogun yìí ni a rán Samuel lọ sí Abẹ́òkúta, sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Olùkọ́ni tí Ẹgbẹ́ C.M.S. ní síbẹ̀. Ní ọdún 1863 ni ó bẹ̀rẹ̀, tí ó sì wà níbẹ̀ títí di ìparí ọdún 1865. Kí olùkàwé wa ro ọ̀rọ̀ náà dáradára. Ìbàdàn ni ilé ọmọ náà, níbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀ wà; Abẹ́òkúta sì ni ìlú tí ó ń bá Ìbàdàn jagun. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ kẹ́kọ̀ọ́ láàrin àwọn ènìyàn tí wọ́n ń pe ìlú rẹ̀ ní ọ̀tá. Ṣùgbọ́n nínú ilé-ẹ̀kọ́ náà a kì í béèrè lọ́wọ́ ọmọ bóyá Ẹ̀gbá ni tàbí Ọ̀yọ́. Àwọn ọmọ Sàró àti àwọn ọmọ onílẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. A gbà pé ibẹ̀ ni Samuel ti kọ́kọ́ rí i pé gbogbo wa jẹ́ ọmọ baba kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjà ń bẹ láàrin wa.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilé-ẹ̀kọ́ náà rí bí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti òde òní. Ilé kékeré ni, àwọn ọmọ inú rẹ̀ kò pọ̀, olùkọ́ wọn àgbà sì mọ ìwà olúkúlùkù wọn bí baba ti í mọ ọmọ. Àwọn tíṣà àti katikísì ni a ń tọ́ níbẹ̀. Gottlieb Friedrich Bühler ni orúkọ olùkọ́ àgbà náà, ọmọ Jámánì ni òun náà bíi Hinderer. Ìwé Mímọ́ ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn, ṣùgbọ́n Bühler kò fi mọ síbẹ̀. Ó kọ́ wọn ní ìṣirò, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ní ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé, àti ní ìtàn àwọn orílẹ̀-èdè. Àwọn Òyìnbó kan wà nínú Ẹgbẹ́ náà tí wọ́n rò pé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù fún ẹni tí yóò kàn ṣe tíṣà ní abúlé. Bühler kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tí yóò kọ́ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ mọ̀ ju ohun tí ó fẹ́ kọ́ ọ lọ.

Ìgbà líle ni ìgbà náà fún ìlú Abẹ́òkúta pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 15 oṣù Máàṣì ọdún 1864, ogun Dahomey tún dé ẹnu odi ìlú náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti dé ní ọdún 1851. Àwọn Ẹ̀gbá dúró lórí odi wọn, wọ́n sì lé ọ̀tá náà padà pẹ̀lú òfò púpọ̀. Ìgbà tí Samuel ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú náà ni èyí ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ó di àgbà, ó kọ ìtàn ogun náà sínú ìwé rẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé ẹni tí ó dàgbà sí Ìbàdàn ni ó kọ nípa ìṣẹ́gun àwọn Ẹ̀gbá, kò sì fi í pamọ́.

Ohun mìíràn tún wà ní Abẹ́òkúta nígbà náà, èyíinì ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Láti oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1859 ni Alùfáà Henry Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, ìwé ìròhìn àkọ́kọ́ ní èdè wa, tí a ń tà ní 120 owó ẹyọ. Bíbélì Yorùbá kò tíì pé ní odidi. Apá kan lẹ́yìn apá kan ni Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Bühler wá wà ní ìlú tí a ti ń fi ojú rí i pé èdè tí a ń sọ lẹ́nu ṣe é kọ sílẹ̀, ó ṣe é tẹ̀, ó sì ṣe é rán lọ sí ìlú mìíràn. Láyé àtijọ́, àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́ nìkan ni a fi ìtàn lé lọ́wọ́, orí wọn ni wọ́n sì fi ń pa á mọ́. Samuel àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wá fi kálámù kún iṣẹ́ arọ́kin.

Bühler kò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìgbà náà, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ pàápàá kò sì pẹ́ mọ́ ní Abẹ́òkúta. Ní oṣù Ọ̀kítóbà ọdún 1867 ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀, tí a lé àwọn Òyìnbó kúrò ní ìlú, tí a sì ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣí lọ sí Èkó. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti wọ inú àwọn ọmọ tí ó tọ́ kò ṣe é fọ́.

Samuel padà sí Ìbàdàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà ní oṣù Jánúárì ọdún 1866. Ní ọdún 1869, Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ fi Ìbàdàn sílẹ̀ nítorí àìlera. Àwọn ọmọ wa ni wọ́n di iṣẹ́ náà mú: Daniel Olúbí ní Kúdẹtì, James Òkúṣẹ̀índé ní Ògúnpa, àti Samuel Johnson ní Arẹ́mọ. A fi Samuel ṣe katikísì ní ọdún 1875, a sì fi í ṣe díákónì ní ọdún 1880. Ó jẹ́ òfin Ẹgbẹ́ C.M.S. pé kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa kọ ìròhìn iṣẹ́ wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì máa fi í ránṣẹ́. Iṣẹ́ àfipáṣe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí sí. Samuel kò kà á sí bẹ́ẹ̀. Ó kọ nípa àwọn tí ó bẹ̀ wò nílé, nípa ọ̀rọ̀ tí ó bá babaláwo àti ìmàle sọ, nípa ìjà àwọn ìjòyè, àti nípa ogun tí ó jáde àti èyí tí ó wọlé. Púpọ̀ nínú ìròhìn rẹ̀ wọ̀nyí ṣì wà títí di òní láàrin àwọn ìwé Ẹgbẹ́ C.M.S. tí a tọ́jú sí Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn sì ń lọ kà wọ́n níbẹ̀.

Ní ọdún 1877 ni ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti àwọn Èkìtì Parapọ̀, ogun tí ó pẹ́ jù, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ilẹ̀ wa run. Nígbà náà ni kálámù Samuel ṣe iṣẹ́ tí ìbọn kò lè ṣe. Ní ọdún 1881, Aláàfin Adéyẹmí Kìn-ín-ní fẹ́ kí ìjọba Èkó bá òun dá sí ìjà náà. Samuel ni ó bá a gbé ìwé rẹ̀ lọ sí Èkó, la àwọn ọ̀nà tí ẹ̀rù ń bẹ kọjá. Ní ọdún 1886, Gómìnà Moloney rán Samuel lọ sí bùdó àwọn Ìbàdàn, ó sì rán Alùfáà Charles Phillips, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù nígbẹ̀yìn, lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Èkìtì. Ní ọjọ́ 4 oṣù Júùnù ọdún náà ni a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà. Lóòótọ́, ó di ọdún 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú bùdó wọn ká pátápátá, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn yẹn ni ó la ọ̀nà.

Lẹ́yìn èyí Samuel ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn ìjọ ní Ọ̀yọ́, ìlú àwọn baba rẹ̀. A fi í jẹ alùfáà ní ọdún 1888. Ní ọdún 1896, ohun ayọ̀ kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tí ó ti kúrò ní Abẹ́òkúta lọ sí Èkó tún ṣí wá sí Ọ̀yọ́, ó sì di St. Andrew's College, tí Alùfáà Melville Jones, Bíṣọ́ọ̀bù Èkó ní ọjọ́ iwájú, jẹ́ olórí rẹ̀. Báyìí ni ilé-ẹ̀kọ́ tí ó tọ́ Samuel ní èwe ṣe wá bá a nínú ọgbà rẹ̀ nígbà tí ó di àgbà.

Ìgbà yìí kan náà ni ó ń parí ìwé rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọ̀ràn kan ti ń dùn ún. Ó rí i pé àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé mọ ìtàn Róòmù, ti Gíríìkì àti ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ìtàn ìlú tí a gbé bí wọn. Nítorí náà ni ó fi ń tọ àwọn àgbà lọ kí wọ́n tó kú. Ó gbọ́ ti ẹnu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́. Ó gbọ́ ti ẹnu David Kúkọmí, bàbá àgbà nínú ìjọ Ìbàdàn. Ó gbọ́ ti ẹnu Lágùnjú, Tìmì Ẹdẹ, ẹni tí òkìkí ìmọ̀ ìtàn rẹ̀ kàn ká gbogbo ilẹ̀. Ohun tí ojú òun tìkára rẹ̀ rí ní Ìbàdàn àti ní ojú ogun ni ó fi kún un. Ní ọdún 1897 ni ó parí iṣẹ́ náà.

Ní ọdún 1899 a fi ìwé náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n retí ìdáhùn títí, ìdáhùn kò dé. Obadiah, àbúrò rẹ̀, lọ sí Ìlú Ọba ní ọdún 1900, ó sì yà lọ bá òǹtẹ̀wé náà. Èsì tí ó rí gbà ni pé ìwé náà ti ṣì í lọ́wọ́, a kò rí i mọ́, àti pé òun ṣe tán láti san owó rẹ̀. Ẹ̀yin ará, owó wo ni a lè fi ra iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé ènìyàn? Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí wọ́n ti kú wà nínú ìwé náà, a kò sì lè jí wọn dìde láti tún wọn bi. Ní ọjọ́ 29 oṣù Épúrù ọdún 1901, Samuel Johnson sùn nínú Olúwa, ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, láì fi ojú rí ìwé rẹ̀ ní títẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ìwé kan ṣoṣo yẹn ni ó ní, ibẹ̀ ni ìtàn wa ìbá parí sí. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Bühler kò ju àkọsílẹ̀ nù. Ó fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé sílẹ̀ lẹ́yìn, àwọn ohun tí ó kọ ní kúkúrú nígbà tí ó ń gbọ́ ìtàn, àti àwọn ìwé tí ó fi dánwò kí ó tó kọ èyí tí ó mọ́. Gbogbo rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ Obadiah. Dókítà ni Obadiah, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní London àti ní Edinburgh, ó sì jẹ́ ọmọ Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Èkó. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, títóbi iṣẹ́ ìwé náà sì bà á lẹ́rù fún ọdún púpọ̀. Síbẹ̀ kò jẹ́ kí òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sùn pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀. Ó jókòó ti àwọn ìwé ìdílé náà, ó to ewé pọ̀ mọ́ ewé, ó sì tún gbogbo ìtàn náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tí ó parí, ogun Jámánì ti bẹ̀rẹ̀. A fi ìwé náà sínú ọkọ̀ Appam, tí ó ń ti etí òkun wa lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Jánúárì ọdún 1916, ọkọ̀ ogun Jámánì kan mú Appam lójú òkun, wọ́n sì darí rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ìwé náà tún sọnù lẹ́ẹ̀kejì. Ọdún méjì kọjá kí a tó rí i gbà padà láti ibẹ̀, ìwé títẹ̀ sì ti wọ́n nítorí ogun. Nígbẹ̀yìn, ní ọdún 1921, ìwé ìtàn àwọn Yorùbá jáde, ojú ìwé rẹ̀ sì lé ní 600. Obadiah pàápàá kò rí i. Ó ti kú ní ọdún 1920. Èkíní kọ, kò rí i. Èkejì tún un kọ, kò rí i. Àwa tí a kò ṣe làálàá kankan ni a ń kà á.

Kò tọ́ kí a pọ́n ènìyàn kọjá òtítọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Samuel Johnson, ojú Ọ̀yọ́ ni ó sì fi wo ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn amòye ti fi hàn pé ohun tí ó kọ nípa Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn jinlẹ̀ ju èyí tí ó kọ nípa àwọn ìlú mìíràn lọ. Díẹ̀ ni ohun tí ó kan àwa ilẹ̀ Àwórì nínú ìwé ńlá náà. Ẹni tí ó bá wá ìtàn Ìgàndò, Ìkòtún tàbí Ẹgbẹ́dá níbẹ̀ yóò pa ìwé dé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. A kò bínú sí i nítorí èyí. Ó kọ ohun tí ó gbọ́ àti ohun tí ó rí. Ti àwọn baba wa, ẹni tí ó súnmọ́ wọn ni ó yẹ kí ó ti kọ ọ́.

Níbi yìí ni ìtàn náà ti kan àwa tìkára wa ní Ìgàndò. Ilé púpọ̀ ni ó wà láàrin wa tí àwọn lẹ́tà baba àgbà wà nínú àpótí wọn: lẹ́tà tí ọmọ kọ láti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà láti tọrọ owó oúnjẹ, ìwé ẹ̀rí ìdánwò, ìwé ìrìbọmi, ìwé àkọsílẹ̀ owó ìjọ, àwòrán ẹgbẹ́ tí a ya ní ọjọ́ ìparí ẹ̀kọ́. Bí baba bá kú tán, a máa ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde pẹ̀lú ẹní àtijọ́, a sì ń dáná sun ún. Ilẹ̀ ni a máa ń jà sí, aṣọ ni a máa ń pín. Ìwé nìkan ni kì í ní ajogún. Ìlú wa sì ti yí padà kánkán. Ibi tí ó jẹ́ oko àti abúlé ní ìgbà èwe àwọn àgbà wa ti di ilé lọ sí ilé, àwọn tí ó mọ bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ sì ń dín kù lọ́dọọdún.

Nítorí náà a bẹ ẹ̀yin tíṣà, kí ẹ rán àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yín lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, kí wọ́n béèrè, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. A bẹ ẹ̀yin olórí ìdílé, kí ẹ tó ju ìwé kan nù, ẹ kà á. Èyí tí ó bá níyelórí, ẹ fi í sí ibi tí òjò àti ikán kò lè dé, ẹ da á kọ ní ẹ̀dà kejì, kí ẹ sì fi ẹ̀dà náà sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Bí Samuel Johnson kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ òǹtẹ̀wé kan ìbá ti pa ìtàn wa rẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ìwé, ilé-ẹ̀kọ́ kékeré sì wà ní àdúgbò gbogbo lónìí. Kí Ọlọ́run gbé irú rẹ̀ dìde láàrin àwọn ọmọ wa, kí Ó sì fún olúkúlùkù wọn ní àbúrò bí Obadiah.